Suara, Modinat àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fẹ́ Jí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé Suara lójú ọ̀nà Ìjù yóò rò pé ìjà ló ń bá èèyàn jà. Bí ó bá ní kí òun kí ọ "ẹ káàárọ̀" lásán, ará àdúgbò kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́ ni, kò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e dé.

Èmi àti òun pẹ̀lú Modinat ìyàwó rẹ̀ la jọ jẹ́ ayálégbé nílé kan náà ní Ìfàkò-Ìjàyè. Yàrá mi ló kọjú sí tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe apá kan nínú rẹ̀, Modinat ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù fún mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Suara. Iṣẹ́ iná ló kọ́, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ìgò oníke ní Àgídìngbì ló sì gbà á síṣẹ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Òun ló ń tọ́jú mọ́tò oníná tó ń yí àwọn ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń lọ ike tó bàjẹ́ ni àyè iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹ̀rọ náà a sì máa ké bí ẹni pé òkúta ni wọ́n dà sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi dí etí. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, etí rẹ̀ á máa hó yee títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó yá, híhó náà kò lọ mọ́, ọ̀rọ̀ èèyàn ló wá ń jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pariwo sí i pé kó má tan ẹ̀rọ kan, kò gbọ́, ó tàn án, ẹnìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ó lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò káwọ́ gbera. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣájà ṣe, ó bọ́ sórí fóònù, ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Fídíò tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀ ló fi ń kọ́ṣẹ́, á wò ó, á dá a dúró, á tún un wò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn sì ń gbé iṣẹ́ wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni ilé. Ó ti jáwọ́ nínú àsàlátù ọjọ́ Àìkú, torí kò gbọ́ wáàsí mọ́. Bí àwa ayálégbé bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnìkan dá àpárá, tí gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wá kọjú sí Modinat.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Modinat á mirí. "Kò sí nǹkan."

Aránṣọ ni Modinat, aṣọ iléèwé ló ń rán ní iwájú ilé wa. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé tọ ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di gbólóhùn méjì mẹ́ta: oúnjẹ ti délẹ̀, iná ti dé, Uswat ọmọ wọn pè láti iléèwé lónìí. Ó parí. Mo rò pé kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Ó kàn ti sú u ni.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Ìyáàfin Oyèníkẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá wá. Ará Èkìtì ni ìyá yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Omole ló ń gbé. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun ní èdè wa báyìí. Suara ti bá a tún kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ṣe rí, ṣùgbọ́n ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, sikirínì kékeré yẹn kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́.

"Ẹ bá mi to ńlá," ló kọ sí Suara lórí fóònù. "Èyí tí mo máa fi rí ẹnu àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá ń pe ọ̀rọ̀."

Inú Suara dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó ti tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà palẹ̀ rí, ó sì ti tún wọn tò. Ṣùgbọ́n èyí tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ tuntun, àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó lọ ra àwọn ẹ̀yà náà lọ́wọ́ Jubril, oníbàárà rẹ̀ kan ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ó kó wọn bọ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì bí ẹni tó ń pàtẹ ẹ̀gbà.

Ọ̀sán gbáko ló fi tò ó. Ó kọ́kọ́ de mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, sínú kéèsì onírin rẹ̀. Ó gbé páwà sí i, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba iná láti ara ògiri tó sì ń pín in fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Ó so wáyà wọn, ó nuwọ́, ó ṣe bísímílà, ó tẹ súìsì.

Fáànù inú rẹ̀ yí díẹ̀, ó dúró. Sikirínì dúdú kirimú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Fáànù tún yí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí ẹní, ó tún sùn padà.

Iná ló kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá mọ iná àdúgbò wa kò ní dá a lẹ́bi, torí ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á mú iná dé, tí gílóòbù á kàn pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó rí i pé iná kò kún. Ó dúró títí ó fi kún, ó tún tẹ súìsì, ibi pẹlẹbẹ náà ló fi lélẹ̀. Ó wá yá sítébíláísà tí mo fi ń dáàbò bo fíríìjì mi, pàbó. Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwọn, pàbó náà ni.

"Iná kọ́!" ló pariwo sí mi nígbà tó ń dá sítébíláísà padà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju abọ́ ọwọ́ mi nù. "Àfi bó bá jẹ́ páwà tí Jubril tà fún mi!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó yọ páwà náà, ó gbé e lọ sí Ìkẹjà. Jubril kì í ṣe èèyàn kéèyàn. Ó so páwà náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere. Kò sí ohun tó ṣe é. Jubril sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tó ń sọ ọ́, fìlà rẹ̀ nìkan ni Suara rí. Àwọn tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bóyá òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, bóyá òun kọ́, kò sí bó ṣe lè mọ̀. Ó gbé páwà rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọ mọ́tò padà sílé.

Ó dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó yọ ráàmù, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ó fi résà ọmọ iléèwé nu ẹnu rẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Ó yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan. Ó tẹ súìsì, ó gbé orí ìka kan lé ara fáànù, torí ọwọ́ ló fi ń gbọ́ nǹkan nígbà náà. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ó yí, ó tún mọ̀ ọ́n lára pé ó dúró. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì. Ìyáàfin Oyèníkẹ́ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Uswat. Báwo ni kọ̀ǹpútà wa? Àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, èyí àtijọ́ sì ti dákú pátápátá." Suara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ òmíràn, ó tún pa á rẹ́. Modinat tó wọlé wá mú síṣọ́ọ̀sì bá a níbi tó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, tó ń wo àpótí náà bí ẹni tó ń wo òkú. Ó mú síṣọ́ọ̀sì rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ mi ló wá.

"Màmá Ayọ̀tọ́lá, àánú ọkùnrin yìí ń ṣe mí o. Ó ti fẹ́ dá iṣẹ́ obìnrin yẹn padà."

"Kí ló wá ń ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an?"

"Ta ló mọ̀? Mo ṣáà ń gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ́ nínú rẹ̀ kó tó kú."

Mo wò ó. "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Sọ fún ta? Suara? Ṣé ó máa gbọ́ ni?"

"Òun ni kò gbọ́, Modinat. Ìwọ gbọ́."

 Modinat yí síṣọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ títí, ó wá dìde, ó wọlé. Ẹnu ọ̀nà wọn kì í sé dáadáa, ohùn Suara sì nìyẹn, mo gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e bí ẹni pé inú yàrá ni mo wà.

Ó fọwọ́ kàn án léjìká, Suara yíjú. Modinat rọra ń sọ̀rọ̀ kó lè rí i lẹ́nu rẹ̀. "Nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀."

"Kí ló ń dún?"

"Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á dún kọ́. Fáànù á bẹ̀rẹ̀. Á tún dún kọ́, á dákẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó ní kó dúró, ó tún tẹ súìsì. Modinat tẹ etí lélẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bá ń dún ìdúnkúdùn-ún, ó sì nawọ́ sí ibi tí ìró náà ti wá. Páwà ló nawọ́ sí.

Suara dìde nàró. "Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ ọ?"

"Láti àná."

"Láti àná! Mo yá sítébíláísà, mo lọ sí Ìkẹjà mo bọ̀, o sì ń gbọ́ ọ láti àná? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"O ò bi mí."

"Èmi? Èmi ni mi ò bi ọ́? Kí ni mo tún ń bi ọ́ lójoojúmọ́ ayé, tí o ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan?"

 Ẹni tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé pàápàá dáwọ́ dúró. Mo rò pé Modinat máa jáde fún un ni, ṣùgbọ́n kò jáde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, omijé wà nínú ohùn rẹ̀.

"Ó máa ń rẹ̀ mí, Bàbá Uswat. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti èmi àti ìwọ, kó o tó gbọ́ ọ, gbogbo ilé á ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ní kò sí nǹkan, ọ̀rọ̀ á tán, mo sì máa lè sinmi."

Ojú tì mí nínú yàrá mi, torí èmi náà wà lára gbogbo ilé tó ń wí. Mi ò mọ iye ọ̀rọ̀ náà tí Suara rí lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀. Ó padà jókòó.

"'Kò sí nǹkan' yẹn ló ń pa mí, Modi," ló wí. "Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé èmi ni."

"Ìwọ bíi báwo? Ẹ̀rín tí a rín lánàá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ onílé la ń sọ."

"Kí ni ewúrẹ́ onílé ṣe?"

Modinat nu ojú, ó sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí ewúrẹ́ náà ṣe wọ yàrá Láídé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tó jẹ ìdajì wíìgì tí Láídé fẹ́ dé lọ síbi ìgbéyàwó, bí onílé ṣe ń bẹ̀bẹ̀, tí ewúrẹ́ sì dúró tì í tí irun ṣì ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí Suara kò bá ti rí i dáadáa, Modinat á tún un sọ. Nígbà tó dé orí onílé tó ní òun máa bá Láídé fọ ìdajì wíìgì tó kù, Suara bú sẹ́rìn-ín, ògiri yàrá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kojú mọ́ iṣẹ́. Suara ṣàlàyé fún un pé páwà náà gbọ́n. Bí irin kan bá kan ibi tí kò yẹ kó kàn, tí iná sì gba ọ̀nà àìtọ́, páwà á yára pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jó. Ìró kejì tó ń dún yẹn, pípa ló ń pa ara rẹ̀.

"Ibì kan ti kan ibì kan," ló ní. "Ká ní mo gbọ́ ìró yẹn, ǹ bá má ti yọ Jubril lẹ́nu."

Ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ó tú mọ́dábọ́ọ̀dù kúrò nínú kéèsì, ó tẹ́ ẹ sórí páálí tí wọ́n fi dì í wá, níbi tí irin kankan kò ti lè kàn án, ó so ó mọ́ páwà lóde bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Modinat gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òun lẹ́yìn, kó máa fi lu òun lẹ́ẹ̀kan bó bá ti gbọ́ ìró. Ó ki wáyà padà sára ògiri, ó fi ẹnu sukudiráífà ṣe súìsì, ó fi so eyín kékeré méjì tí wáyà súìsì máa ń wọ̀ mọ́ra.

Modinat lù ú lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan.

Fáànù yí. Suara di mọ́ tábìlì, ó ń retí ìlù kejì. Kò dé. Fáànù ń yí lọ, àtẹ́lẹwọ́ Modinat dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, sikirínì mọ́lẹ̀, lẹ́tà funfun sì hàn lójú rẹ̀.

"Ó ń lọ!" Modinat ló pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "Ó ń lọ, kò dún mọ́!"

Nítorí náà, ara kọ̀ǹpútà le koko. Inú kéèsì ni wàhálà wà. Suara gbé kéèsì náà lọ sójú fèrèsé. Àwọn nọ́ọ̀tì idẹ kéékèèké wà nínú rẹ̀, tó máa ń gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sókè kó má baà kan páànù, ihò kọ̀ọ̀kan sì wà lára pátákó náà fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó gbé pátákó sókè wọn, ó ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì kan wà láàárín tí kò ní ihò tirẹ̀. Pátákó tó tóbi ju èyí lọ ni wọ́n dè é sílẹ̀ fún láti ibi tí wọ́n ti ṣe kéèsì náà, òun ló sì ń gún ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí. Ó fi puláyà tú u, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó na án sí Modinat. Kò ju ẹ̀wà kan lọ.

Ó tún gbogbo rẹ̀ tò, ó tẹ súìsì. Modinat kò lù ú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ kò mira. Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rù ti wà lójú obìnrin náà.

"Kò dún rárá?"

"Kò dún rárá. Fáànù gan-an kò mira. Ṣé a ò ti bà á jẹ́?"

Suara ronú díẹ̀, ó wo inú àpótí, ó fọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Wáyà súìsì ni kò rántí so padà. Ó so ó, ó tẹ̀ ẹ́, ìlù kan bà á lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà sì jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì gbé e lọ sí Omole nínú kẹ̀kẹ́, Modinat ló gbé e lé itan. Ìyáàfin Oyèníkẹ́ ti ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ kú uṣẹ́ o!" ló wí bí wọ́n ṣe ń so wáyà. Ó wá kọjú sí Modinat. "Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé ó ṣé gan-an o."

"Ẹ sọ fún un fúnra yín, Mà," ni Modinat fèsì. "Ẹ ṣáà kọjú sí i, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́. Á rí i lẹ́nu yín."

Ìyá náà yíjú sí Suara, ó sì sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Suara dọ̀bálẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi yọ lójú sikirínì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọmọkùnrin kan bi tíṣà rẹ̀ pé ta ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wọn. Ìyá ní bàbá tó to kọ̀ǹpútà òun ni, kó kí wọn. Ọmọ náà dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá wọn lọ́hùn-ún, ni wọn ò bá rí i mọ́, ẹ̀yìn àga òfìfo ló kù lójú sikirínì. Bí Modinat ṣe sọ fún mi nìyẹn. Suara kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ní àsìkò kan náà tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Oyèníkẹ́ ló rọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ yẹ etí Suara wò. Wọ́n sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé ti ọ̀tún ti lọ, ṣùgbọ́n ti òsì ṣì lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan wà ní etí òsì rẹ̀ báyìí. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó ń mú kí ṣíbí máa dún bí irin ilé iṣẹ́, ó sì máa ń yọ ọ́ sápò. Modinat á ní kó fi í padà, wọ́n á ṣe asọ̀. Asọ̀ wọn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mò ń jáde láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà mìíràn wà níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Suara bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó di sukudiráífà mú.

"Ṣé ó dún?" ló pariwo.

"Dúró ná," ni Modinat wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Jẹ́ kí n rán apá aṣọ yìí tán."